Kábúrétọ̀ Tí Kò Ní Ìwé

"Ọ̀gá, abeg, comot hand for there."

Ọ̀rọ̀ tí Moríyọ̀ kọ́kọ́ bá Ọmọ́táyọ̀ sọ láyé nìyẹn, kò sì fi ìfẹ́ kankan sọ ọ́. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé abẹ̀bẹ̀ onírin tó wà níwájú bàálù àtijọ́ kan, ó tún fi orí tì í. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bàálù mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fara tì. Ó lè yí lójijì, kó sì gba apá lọ́wọ́ onítọ̀hún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Yorùbá ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní àárín Enugu, bí èdè ìyá ẹni ṣe máa ń já bọ́ nígbà tí ìbànújẹ́ bá ká èèyàn mọ́. Nígbà tó yíjú sí Moríyọ̀, omi wà lójú rẹ̀.

Moríyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń wá sípánà lábẹ́ tábìlì títí ọkùnrin náà fi nu ojú tán. Bẹ́ẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàálù bàbá mi ni," ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ti kú. Mo kàn wá wò ó ni."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Moríyọ̀ dìde. "Ẹ lè máa wò ó. Ẹ ṣáà má fara tì í níwájú."

Ọmọ Ogui, àdúgbò kan ní Enugu, ni Moríyọ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, ilé tí bàbá àgbà náà sì háyà nígbà náà ni bàbá rẹ̀ ṣì ń gbé títí di òní. Ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì ni. Òun ló ń tún àwọn bàálù kéékèèké ṣe nínú háńgà kan ní Emene, ilé páànù ńlá tí oòrùn ń yan èèyàn nínú rẹ̀ bí ẹ̀pà. Kò sí bàálù tó gbọ́dọ̀ gbéra níbẹ̀ láìjẹ́ pé òun tàbí ẹnjiníà mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì fọwọ́ sí i.

Ọmọ́táyọ̀ Adékọ̀yà, tí wọ́n ń pè ní Táyọ̀, ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ìwé gíga kan. Sọ̀fẹ́yọ̀ ni bàbá rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ èédú ṣì wà, ọwọ́ òyìnbó kan tó ń lọ sílé ló sì ti ra bàálù oníjókòó méjì náà. Bàálù yìí dàgbà ju Moríyọ̀ lọ, ó dàgbà ju Táyọ̀ náà lọ. Bàbá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń gbé e fò, ọmọ náà sì gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá bàbá dúró sílé, bàálù náà dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Táyọ̀ tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ọ̀kpà gbígbóná dání, oúnjẹ àwọn ará Enugu tó dà bí mọ́ínmọ́ín, ó ní bàálù lòun wá wò. Ó wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀kpà, ó tún ní bàálù ni. Rita, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣẹ́jú sí Moríyọ̀.

"This one wey dey look aeroplane, na your face the aeroplane dey?"

Moríyọ̀ ní kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé inú òun dùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún bàálù náà ṣe pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Táyọ̀ ń fọ̀ ọ́, Moríyọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, Táyọ̀ bá a tó ń fi òòlù fọ́ ohun èlò ẹ́ńjìnnì kan tó ń dán gbinrin, irin ń fò káàkiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹ̀ yín?"

"Kò ní ìwé tó sọ ibi tó ti wá," ni Moríyọ̀ wí. "Háńgà yìí kì í ju irú ẹ̀ sórí ààtàn lódindi. Àwọn oníṣòwò á gbé e, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, á sì tún padà wá bá wa pẹ̀lú ojú tuntun. Ohun tí a bá ti kọ̀, a máa ń fọ́ ọ ni."

"Kódà bó bá dára?"

"Ta ló máa sọ pé ó dára? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló béèrè oríkì rẹ̀. Moríyọ̀ sọ pé Àńkẹ́ ni, pé ìyá bàbá òun nìkan ló máa ń pe òun bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà náà sì ti kú.

"O ti rí ẹlòmíràn tó máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí," ni Táyọ̀ wí. Bí ọ̀wọ̀ ṣe kúrò láàárín wọn nìyẹn, tí ìfẹ́ gba ipò rẹ̀.

Nígbà tó mú un lọ sí Trans-Ekulu láti lọ rí ìyá rẹ̀, màmá náà gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó bu oúnjẹ fún Moríyọ̀ fúnra rẹ̀, ó bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n ní orúkọ rere nínú ìjọ Yorùbá tó wà ní Ogui. Kí Moríyọ̀ tó lọ, ó ti ń pè é ní "ìyàwó mi".

Lẹ́yìn oúnjẹ ló lọ gbé àpótí kan jáde láti yàrá. Ó tú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ti gbó. Kábúrétọ̀ bàálù kan, ohun tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi epo pa lára.

"Ti Dádì ni," ni màmá wí. "Nígbà tí sípíà kò sí ní gbogbo ilẹ̀ yìí, èyí ló wá rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé e fò. Táyọ̀ ní èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà. Ẹ gbé èyí sí i. Ìrántí ọdún kan ọkọ mi ń bọ̀. Mo fẹ́ kí bàálù yẹn kọjá lórí sàréè rẹ̀, kó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló gbé e. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ṣègbéyàwó."

Moríyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wá orúkọ ẹni tó ṣe é. Kò rí. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Ní háńgà, ó tú kábúrétọ̀ náà palẹ̀, ó fi epo fọ̀ ọ́, ó sì yẹ gbogbo ihò rẹ̀ wò. Ó dán an wò, ó tún dán an wò. Táyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá dókítà.

"Àńkẹ́ mi, kí ló ṣe é?"

"Mi ò rí nǹkan kan tó ṣe é."

"Ọpẹ́ o. Jẹ́ ká gbé e sí i, kí o fọwọ́ sí i."

"Mi ò lè fọwọ́ sí i, Táyọ̀."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sí ohun tó ṣe é."

"Mo ní mi ò rí i. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Mi ò mọ irú irin tó fi ṣe é, mi ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Ohun tójú mi rí ni mo lè sọ. Ìwé ló ń sọ ohun tójú mi ò lè rí."

"Bàbá mi gbé e fò. Kò já wọn kulẹ̀ rí."

"Mo gbọ́. Bó bá kú lókè pẹ̀lú ìwọ nínú ẹ̀ ńkọ́? Èyí tó ní ìwé ń bọ̀ láti òkè òkun, a ti sanwó ẹ̀."

"Kò lè bá ọjọ́ ìrántí, ìwọ náà mọ̀."

Moríyọ̀ mọ̀. Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé kábúrétọ̀ náà padà.

Màmá pè é lórí fóònù. Kò pariwo. "Moríyọ̀, ṣé o lè fọkàn tán ọmọ mi débi tí wàá fi fẹ́ ẹ, kí o má lè fọkàn tán ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀? Àbí ìwé ni mo máa kọ́kọ́ fi hàn ọ́ kí o tó gbà pé ọmọ ọkọ mi ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń béèrè ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ wọ ilé ọkọ rí mọ̀ bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó. Moríyọ̀ kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó nífẹ̀ẹ́ Táyọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ náà, nítorí tirẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní kékeré.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí kù sí dẹ̀dẹ̀, Táyọ̀ wá sí háńgà, kò sì gbé ọ̀kpà dání.

"Mo ti rí ẹnjiníà mìíràn," ni ó wí. "Dennis lorúkọ ẹ̀. Ó máa wọlé lọ́la, ó máa gbé e sí i, ó máa fọwọ́ sí i. Jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ ká jà lórí ẹ̀. Lọ́la ni mo máa wá gbé kábúrétọ̀ náà."

"Ìwọ nìkan lo máa wà nínú ẹ̀?"

"Èmi nìkan."

Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó lọ. Moríyọ̀ jókòó ti tábìlì, kábúrétọ̀ náà wà níwájú rẹ̀ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ti rí i lójú inú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lórí òkè Údi, Táyọ̀ ń wá ibi tó máa gúnlẹ̀ sí láàárín àwọn òkúta. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó fò lọ, kó fò bọ̀, kí gbogbo wọn jọ jẹ ìrẹsì ìrántí. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó lè rí èkejì yìí.

Òfin fún un láṣẹ láti kọ kábúrétọ̀ náà. Òfin kò fún un láṣẹ láti fọ́ ọ, torí ohun oníbàárà ni, oníbàárà ló sì yẹ kí wọ́n dá a padà fún. Moríyọ̀ mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ó gbé òòlù.

Rita sáré wọlé nígbà tó gbọ́ ìró. "Moríyọ̀, wetin you do? Na the man papa own be that!"

Moríyọ̀ ń sunkún, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Táyọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, kò bú u. Ó wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí àwọn kéékèèké, ó ń kó wọn sínú síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀. Moríyọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bá a ṣà á. Táyọ̀ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí o kú ni," ni Moríyọ̀ wí.

"Ó dàbọ̀, Ẹnjiníà," ni Táyọ̀ wí, ó sì jáde.

Ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá Moríyọ̀: ọwọ́ tó fọ́ ohun ọkọ òun kò ní bá òun ṣí ìkòkò láéláé. Ọjọ́ ìrántí dé, ó kọjá, bàálù kankan kò gba orí sàréè. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, eruku pupa bo gbogbo Enugu, Táyọ̀ kò pè. Moríyọ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń rù.

"My sister, hear me," ni Rita wí fún un. "Go beg the mama. Tell am say the thing don crack for inside. E don scatter, who go check am? Just small lie, and you go marry your man."

Moríyọ̀ rò ó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín, ó rò ó dáadáa, ó tilẹ̀ ro ibi tó máa sọ pé ó ti sán.

Nílé, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó kó àwọn àgbà ìjọ lọ bá a bẹ̀bẹ̀ ní Trans-Ekulu. Bàbá rẹ̀ kọ̀.

"Tí mo bá kó àgbà lọ, màmá yẹn á dárí jì wá nítorí ojú àgbà, inú ẹ̀ ò sì ní yọ́. Ìwọ lo fọ́ ọ. Ìwọ ni kí o lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni ó débẹ̀. Màmá jókòó sí fàràńdà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Moríyọ̀ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

Màmá ṣa ẹ̀wà títí kó tó dáhùn. "Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bẹ̀ yín, mà."

"Lórí èwo? Pé o kọ̀ láti fọwọ́ sí i, àbí pé o fọ́ ọ?"

"Pé mo fọ́ ọ, mà. Kì í ṣe tèmi. Èyí tí mo kọ̀ láti fọwọ́ sí, bó bá tún di ọ̀la, màá kọ̀ ọ́."

Ọwọ́ màmá dúró nínú ẹ̀wà. Ó wo ọmọbìnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Mi ò gbọ́ iṣẹ́ yín. Nígbà tí o tú u, kí lo rí? Ó ti sán ni? Ó ti dípẹtà? Sọ fún mi, kí n lè máa sùn."

Irọ́ náà wà lẹ́nu Moríyọ̀, ó ti pọ́n, ó ku kó já a. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi èké yìí rà fún Moríyọ̀ ni ọkọ, ìyá, àti ilé tirẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan, mà. Kò sán. Kò dípẹtà. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́."

"Ó ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì fọ́ ọ."

"Mo fọ́ ọ, mà. Mi ò mọ ohun tó wà nínú irin náà, Táyọ̀ ló sì máa jókòó tì í. Ẹ̀rù bà mí."

"O ì bá gbé e wá fún mi. O ì bá ní, Màmá, ẹ gbà, ẹ fi pamọ́, ẹ má fún un. Ǹ bá bínú sí ọ, ṣùgbọ́n ohun ọkọ mi ì bá wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ì bá pàpà fún un, mà."

Màmá kò jiyàn. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Ká ní o sọ pé ó ti sán," ni ó wí, "ǹ bá dárí jì ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tó ń gbé irin sísán fò ni ọkọ mi ì bá jẹ́ lójú mi. O fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ó wo ìta. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe ara wọn wọlé.

"Ní gbogbo ọdún tó fi gbé ìyẹn fò, kò gbé mi rí. Kò gbé Táyọ̀ rí. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́. Á ní okùn ìjókòó kejì ti já, òun ò tíì rí i tún ṣe. Mo rò pé ó fẹ́ dá afẹ́fẹ́ jẹ ni. Ọjọ́ tí èyí tó ní ìwé dé, tó yọ tàtijọ́, tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé e, Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ní ká wọṣọ. Èmi àti Táyọ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, ó gbé wa kọjá lórí òkè Údi. Mi ò béèrè ọ̀rọ̀ okùn mọ́, inú mi dùn jù. Ìsinsìnyí tí o ní o kò rí nǹkan kan lára ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Òun náà kò rí nǹkan kan lára ẹ̀. Ó kàn lè fi ara rẹ̀ tọrẹ ni, kò lè fi wá tọrẹ."

Moríyọ̀ ń sunkún. Màmá ń sunkún. Kò sí ẹni tó rẹ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́kún.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ni màmá wí nígbà tó yá. "Má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún ìwọ náà. Ohun tí o fọ́ dùn mí, á sì máa dùn mí. Ṣùgbọ́n màá kú lọ́jọ́ kan, ọmọ mi á sì kù pẹ̀lú ẹnìkan. Ẹni tí kò lè parọ́ fún mi lórí ìkúnlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kó kù pẹ̀lú."

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Táyọ̀."

Ọkùnrin náà jáde. Bó ṣe tètè jáde jẹ́ kó yé Moríyọ̀ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọlé.

"Sin ìyàwó rẹ dé títì," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń gbé èrò. Eruku ọyẹ́ ti jẹ́ kí iná àwọn ọkọ̀ pọ́n.

"Ká ní mo gbé e fò," ni Táyọ̀ wí, "kó sì gbé mi délẹ̀ láyọ̀ ńkọ́?"

"Inú mi ì bá dùn. Ojú ì bá sì tì mí."

"A ò ní mọ̀ láé."

"A ò ní mọ̀. Má bínú, Táyọ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ló wà lára ẹ̀."

Táyọ̀ mi orí. "Ó ṣì ń dùn mí, Àńkẹ́."

Kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú wọn. Moríyọ̀ wọlé, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe fún èrò tó ń bọ̀, ó fẹ́ dá a gbére. Táyọ̀ tẹ orí ba, ó wọlé tì í.

"Ogui," ni ó wí fún awakọ̀. "Two people."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Ogui?" ni Moríyọ̀ béèrè.

"Mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ," ni Táyọ̀ wí. Kẹ̀kẹ́ gbéra.